Ẹni Tó So Ajá Ló Jẹ Gbèsè Omi

Bí oòrùn oṣù Kejì bá mú ní Ẹdẹ, kálukú mọ ibi tó ń sá sí. Ọlọ́kadà á forí lé abẹ́ igi, ìyá ọlọ́jà á ṣí agboòrùn, ọmọ ilé-ìwé á feyín ya ọ̀rá píọ̀wọ́tà. Ewúrẹ́ pàápàá á lọ nà gbalaja sẹ́yìn ògiri. Ajá tí wọ́n so mọ́ ẹnu géètì nìkan ni kò rí ibì kankan lọ. Ibi tí ṣéènì rẹ̀ gùn dé ni ayé rẹ̀ mọ.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdẹ ọlọ́fà iná ni Tìmì Àgbàlé tí ìtàn ní ó tẹ Ẹdẹ dó, ìlú tí ọdẹ bá sì pọ̀ sí kì í ṣàìní ajá. Ajá ayé ìgbà yẹn ń rìn bó ṣe wù ú. Tí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ó mọ ọ̀nà odò, ó mọ ìdí àmù ìyá àgbà, ó mọ ẹ̀bá kànga tí omi máa ń dà sílẹ̀ sí. Nígbà tó yá, a mọ odi yí ilé ká, a gbé géètì sí i, a wá ajá tí yóò máa gbó mọ́ olè. A kọ́ ṣéènì sí i lọ́rùn kó má baà bu ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Èyí kò burú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a so ó mọ́lẹ̀ la ti gba ọ̀nà odò lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, omi tí à ń bù fún un kúrò lóhun tí à ń ṣe nítorí àánú. Gbèsè ni, a sì gbọ́dọ̀ máa san án lójoojúmọ́.

Gbèsè náà wúwo ju bí a ṣe rò lọ, nítorí ara ajá kò rí bíi tiwa. Òógùn tó ń mú ara tiwa tutù, àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni ajá ti ń là á dáadáa. Ẹnu ló fi ń tu ara. Á yọ ahọ́n síta, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, atẹ́gùn á máa gba orí ahọ́n tútù náà kọjá, ooru á sì bá a lọ. Gbogbo ìmí bẹ́ẹ̀ ló ń ná an lómi. Ara rẹ̀ sì ti gbóná ju tiwa lọ láti ilẹ̀ wá, ó tó bíi 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tó bá fi lè kọjá 41, ẹ̀mí rẹ̀ ti wà nínú ewu. Ajá tó wọn kílò 10 nílò omi bíi ìdajì lítà sí 600 mílílítà lóòjọ́, ìyẹn tó píọ̀wọ́tà kan tàbí kó lé díẹ̀. Ní àsìkò ooru, tàbí tó bá ń fún ọmọ lọ́mú, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ń jẹ oúnjẹ gbígbẹ inú ọ̀rá tún ń fẹ́ omi ju èyí tó ń jẹ àjẹkù àmàlà lọ, torí pé omi tí ń bẹ nínú àmàlà kò sí nínú oúnjẹ gbígbẹ.

Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa so ajá ńlá kan sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí i bí ajá náà ṣe ń mí gúlegúle, itọ́ ẹnu rẹ̀ sì ti ki.

Mo ní, "Àbúrò, òǹgbẹ ń gbẹ ajá yìí o."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi kún abọ́ ẹ̀ o."

A jọ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ìdajì kẹ́ẹ̀gì òróró tí wọ́n gé ni, omi sì kún un lóòótọ́. Àmọ́ etí abọ́ náà ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́, ó ti di àwọ̀ ewé, èèrà kú sójú omi, tanwíjí sì ń fò sókè sódò nísàlẹ̀ rẹ̀. Ajá á sún mọ́ ọn, á fimú kàn án, á tún padà.

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín: "Ṣàkó ló ń ṣe!"

Ṣàkó kọ́ o. Imú tó ń gbọ́ òórùn olè lóru ló fi gbọ́ òórùn omi yẹn. Ọmọkùnrin náà fi kànrìnkàn àti ọṣẹ fọ abọ́ náà, ó fa omi tuntun nínú kànga, ajá sì dorí kọ ọ́, kò gbórí sókè títí ó fi kù díẹ̀ nísàlẹ̀.

Àwọn kan á ní ajá ṣáà ni, kó lọ mu omi gọ́tà. Omi ìta kì í ṣe ti àtijọ́ mọ́. Ìtọ̀ eku tó wà nínú omi adágún lè kó àrùn tó ń ba kíndìnrín jẹ́ ran ajá, àrùn náà sì lè mú èèyàn. Odò Ọ̀ṣun tó ń ti Òṣogbo ṣàn wá sọ́dọ̀ wa pàápàá ti pọ́n bí omi amọ̀, nítorí iṣẹ́ àwọn tó ń wa góòlù lápá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Lọ́dún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fáwọn tó wá ṣọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi odò náà. Omi tí wọ́n ní kí ọmọ olódò má mu, ajá á ṣe wá mu ún? Òfin tèmi kò gùn: omi tí n kò lè fi bọ ẹnu, n kì í bù ú fún ajá.

Ní Ẹdẹ, ọ̀rọ̀ ajá tún kan ẹ̀sìn. Láyé Tìmì Àbíbù Lágúnjú, ọba Ẹdẹ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti jókòó dáadáa níbí, ọ̀pọ̀ ilé ni kò sì fẹ́ kí itọ́ ajá kan ohun èlò wọn. Ìdí nìyẹn tí Alhája tó ń ta èlùbọ́ nítòsí wa kò fi ní ajá. Síbẹ̀, ìkòkò amọ̀ kan wà lẹ́yìn odi rẹ̀ tó máa ń pọn omi sí ní ìdájí fún ajá tó bá ń kọjá. Mo bi í léèrè. Ó rán mi létí ìtàn tí àwọn Àlùfáà máa ń sọ, ti ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, tó fi bàtà rẹ̀ bu omi fún ajá tó ń lá ilẹ̀ tútù nítorí òǹgbẹ, tí Ọlọ́run sì tìtorí rẹ̀ dárí jì í. Alhája ní, "Tajá lajá máa fi mu, temi lèmi máa fi mu. Ṣé ó dìjà ni?"

Ìkòkò amọ̀ rẹ̀ yẹn ni mo kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Ó wúwo, ṣéènì kò lè gbé e ṣubú. Omi inú rẹ̀ sì ń tutù bíi ti àmù. Ibòji ni kí a gbé e sí, kí á fọ̀ ọ́ láàárọ̀, kí á sì pààrọ̀ omi rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi ti dín lára ajá rẹ̀, kó rọra fa awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sókè, kó fi sílẹ̀. Tí kò bá tètè padà sílẹ̀, tí èrìgì rẹ̀ sì gbẹ, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà ẹranko. Bákan náà ni tó bá ń bì tó sì ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, pàápàá ọmọ ajá. Èyí tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè gbé omi mì, tí ìwà rẹ̀ sì yí padà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀ o. Ó lè jẹ́ dìgbòlugi.

Ẹni tó bá lè sin wá ní gbèsè, à ń bẹ̀rù rẹ̀. Onílé ń kanlẹ̀kùn, ẹlẹ́gbẹ́ àjẹsẹ́kù ń pe fóònù. Ajá kò lẹ́nu tó lè fi sin ẹnikẹ́ni. Òun a máa gbó fún wa ní tirẹ̀ lóru, kò ní kí á kọ́kọ́ sanwó. Ẹni tó bá ń fẹ́ gbígbó òru, kó má gbàgbé omi àárọ̀.