Àjò Kì í Dùn: Jonas Gwangwa àti Orin fún Ìdílé Ọmọ Ogun

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ń wí. Ní ìlú Johannesburg, ní àkókò tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ń jagun lójú méjèèjì, àwọn ìyá kan wà tí wọ́n lè fi orúkọ ọmọ wọn tí ó wà lójú ogun ránṣẹ́ sórí rédíò, kí gbogbo orílẹ̀-èdè sì gbọ́ ọ. Àwọn ìyá mìíràn wà ní ìlú kan náà tí wọn kò gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ tiwọn létí aládùúgbò. Ọmọ ogun ni ọmọ àwọn ìyá méjèèjì. Orin ni ó sì ń rìn láàárín ilé àti ojú ogun fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí orin náà ń gbà kò dọ́gba. Ẹni tí ìgbésí ayé rẹ̀ fi ìyàtọ̀ ọ̀nà méjèèjì yìí hàn ni Jonas Gwangwa, afunfèrè trombone, tí wọ́n bí ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1937 ní Orlando East, ní àdúgbò tí a wá ń pè ní Soweto lẹ́yìn náà.

Ọ̀nà kìíní tẹ́jú, ó sì ní ààbò ìjọba. Láti ọdún 1977, ọdún méjì gbáko ni òfin fi dandan lé e pé kí ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ funfun fi ṣe iṣẹ́ ológun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n kó lọ sí ààlà Nàmíbíà àti Àǹgólà. Àwọn òbí, ìyàwó àti àfẹ́sọ́nà tí wọ́n fi sílẹ̀ a máa kọ lẹ́tà sí Springbok Radio, níbi tí Esmé Euvrard ti ń ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní Forces Favourites. Obìnrin yìí a ka orúkọ sójà, a ka ìkíni tí àwọn ará ilé rẹ̀ fi ránṣẹ́, a sì fi àwo orin tí wọ́n béèrè fún sí i. Bí ọmọ bá wà nínú aginjù, tí ó gbé rédíò kékeré sétí, yóò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ láti ẹnu ẹni tí kò rí i rí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti sùn lẹ́yìn odi rí mọ ohun tí irú èyí ń ṣe fún ọmọ ọdún méjìdínlógún. Síbẹ̀, ìjọba tí ó gbé ìbọn lé e lọ́wọ́ náà ni ó ni rédíò. Orin ìfẹ́ tí ìyá rẹ̀ yàn fún un ti di ara iṣẹ́ ogun kí ìyá náà tó mọ̀.

Àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun kọ̀ láti bá wọn kọ orin yẹn. Ní àárín àwọn ọdún 1980, Shifty Records, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ń gbé orin jáde ní Johannesburg, pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú End Conscription Campaign, ẹgbẹ́ tí ó lòdì sí fífi tipátipá múni wọ iṣẹ́ ológun. Wọ́n gbé àwo orin kan jáde, Forces Favourites ni wọ́n sì pe òun náà. Wọ́n yá orúkọ ètò orí rédíò ìjọba, wọ́n wá fi orin tí ń béèrè ìdí ogun sínú rẹ̀. Ní ọdún 1988, ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ náà.

Ọ̀nà kejì kò ní rédíò ìjọba, kò sì ní àdírẹ́sì. Kí a tó lè mọ bí Gwangwa ṣe di ẹni tí ń tọ̀ ọ́, ó yẹ kí a padà sí ìgbà èwe rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ orin tí àlùfáà Trevor Huddleston dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé St Peter's ní Rosettenville, ní gúúsù Johannesburg, ni ó ti kọ́ trombone, fèrè idẹ tí a ń tì síwájú tí a sì ń fà sẹ́yìn kí ohùn rẹ̀ tó yí padà. Ní ọdún 1959, òun, Hugh Masekela, Kippie Moeketsi àti Abdullah Ibrahim, ẹni tí ń jẹ́ Dollar Brand nígbà náà, wà nínú ẹgbẹ́ Jazz Epistles. Ọdún náà ni ó tún bá wọn ṣe eré olórin King Kong. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 1960, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa ènìyàn 69 ní Sharpeville. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèlú ANC. Ní ọdún 1961, eré King Kong gbéra lọ sí London, Gwangwa sì bá wọn lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni ANC bẹ̀rẹ̀ ìjà pẹ̀lú ohun ìjà lábẹ́ orúkọ Umkhonto we Sizwe, èyí tí ó túmọ̀ sí Ọ̀kọ̀ Orílẹ̀-èdè. Olórin náà àti ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà kò tíì mọ ara wọn nígbà yẹn.

Àjò tí ó rò pé eré ni yóò lọ ṣe di ọgbọ̀n ọdún. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Manhattan School of Music ní New York. Òun ni ó ṣètò orin nínú àwo tí Miriam Makeba àti Harry Belafonte gbé jáde ní ọdún 1965, àwo tí ó gba ẹ̀bùn Grammy ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá rí i nígbà náà lè sọ pé oko dùn fún un, kò sì ní í rántí ilé mọ́. Ṣùgbọ́n ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1970, ó kó ẹrù rẹ̀ wá sí Gaborone, olú-ìlú Botswana, níbi tí ọkọ̀ ti lè gbé ènìyàn dé ààlà ilẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ó ń gbé ẹ̀bá ilé, kò sì lè wọlé.

Ààlà yẹn náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Soweto ń gbà jáde. Lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá yìnbọn sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdún 1976, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ ni wọ́n sá kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dé ibùdó ogun ní Àǹgólà. Ìyá a jí láàárọ̀, a bá ẹní ọmọ rẹ̀ ní òfìfo. Kò sí lẹ́tà, kò sí ẹni tí ó lè bi léèrè, nítorí bí ọlọ́pàá bá gbọ́ ibi tí ọmọ lọ, wọn yóò wá gbé bàbá tàbí àbúrò rẹ̀. Ní ibùdó, wọ́n a fún ọmọ náà ní orúkọ mìíràn, kí ẹni tí ọ̀tá bá mú má baà lè dárúkọ ẹnìkejì. Báyìí ni orúkọ tí ìyá sọ ọmọ ṣe sọnù ní ìhà méjèèjì: ní ilé, wọn kò gbọdọ̀ pè é, lójú ogun, wọn kò mọ̀ ọ́n. Ta ni yóò wá ṣe Forces Favourites fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀?

Ìlú Èkó wà lára ibi tí ìdáhùn ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, Nàìjíríà gba àlejò àjọ̀dún FESTAC. Àwọn olórin Gúúsù Áfíríkà tí wọ́n ti fọ́nká sí òkèèrè pàdé níbẹ̀, Gwangwa sì wà láàárín wọn. Wọ́n rí i pé bí àwọn tí wọ́n ti pínyà fún ọdún púpọ̀ bá dúró papọ̀ lórí ìtàgé, orílẹ̀-èdè tí wọ́n lé wọn kúrò nínú rẹ̀ a tún dìde níwájú òǹwòran. Ní ọdún 1978, àwọn ọmọ ogun kan láti ibùdó Àǹgólà kọrin ní àjọ̀dún àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ní Havana. Amandla ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, ìyẹn Agbára. Láti ọdún 1980 títí di ọdún 1990, Gwangwa ni ó darí ẹgbẹ́ yìí, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Oliver Tambo, ààrẹ ANC.

Ọmọ ogun ni àwọn akọrin náà kí wọ́n tó di akọrin. Iṣẹ́ Gwangwa ni láti sọ wọ́n di òṣèré láìjẹ́ kí wọ́n gbàgbé ohun tí wọ́n jẹ́. Ìtàn ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń fi orin, ijó àti eré sọ: bí wọ́n ṣe gba ilẹ̀, bí ọkùnrin ṣe fi abúlé sílẹ̀ lọ sí ibi ìwakùsà wúrà ní Johannesburg, bí àwọn awakùsà ṣe ń fi ẹsẹ̀ inú bàtà rọ́bà lu ìlù nínú ijó tí wọ́n ń pè ní isicathulo. Èdè Zulu wà nínú orin wọn, Xhosa wà níbẹ̀, Sotho àti Tswana pẹ̀lú. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti fi èdè pín àwọn ènìyàn sí ẹkùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lórí ìtàgé Amandla, ẹni tí kì í ṣe ọmọ Zulu ń jó ijó Zulu, ẹni tí kì í ṣe ọmọ Sotho sì ń gbe orin Sotho. Àwọn olùkọ́ èdè yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú èyí: ohun tí òfin fi ń ya àwọn ènìyàn ni wọ́n fi kọ́ ara wọn.

Wọ́n rìn káàkiri Áfíríkà, Yúróòpù àti Soviet Union. Níwájú àwọn àjèjì, iṣẹ́ orin náà ni láti wá alátìlẹ́yìn. Ṣùgbọ́n níwájú àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn tí wọ́n wà lájò, iṣẹ́ mìíràn ni ó ń ṣe. Ní Mazimbu ní Tanzania, ANC kọ́ ilé-ìwé kan tí wọ́n fi orúkọ Solomon Mahlangu pè. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ wà tí wọn kò tẹ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà rí. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, orin ni Johannesburg. Nínú orin ni ó ti mọ òórùn èéfín Soweto àti ohùn ìyá àgbà tí kò rí rí. Nínú ogun àwọn baba wa ní ilẹ̀ Yorùbá, onílù a máa tẹ̀ lé jagunjagun, a sì máa fi ìlù ki oríkì ilé baba rẹ̀. Àwọn kan rò pé nítorí kí ó lè pa ènìyàn ni wọ́n ṣe ń kì í. Ọ̀pọ̀ ìgbà, nítorí kí ó má baà gbàgbé ọmọ ẹni tí òun í ṣe ni. Irú iṣẹ́ yìí ni Amandla ń ṣe fún ọmọ tí orúkọ rẹ̀ ti yí padà.

Ogun náà kò pẹ́ kò jìnnà kí ó tó dé ilé olórin fúnra rẹ̀. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 1985, àwọn ọmọ ogun Gúúsù Áfíríkà kọlu Gaborone, wọ́n sì pa ènìyàn 12. Thami Mnyele, ayàwòrán tí òun àti Gwangwa jọ wà nínú ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Medu, wà lára àwọn tí ó kú. Ní ọdún kan náà, wọ́n fi bọ́ǹbù wó ilé Gwangwa. Ẹni tí ń kọrin fún ìdílé ọmọ ogun wá mọ̀ nínú ara bí ó ṣe rí láti jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Kò dákẹ́. Ní ọdún 1987, òun àti George Fenton ṣe orin fún Cry Freedom, sinimá lórí Steve Biko, wọ́n sì yan orin náà fún ìdíje Oscar ní ọdún 1988. Ní oṣù Keje ọdún 1988, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sinimá náà hàn ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn ọlọ́pàá kó o ní ọjọ́ náà gan-an. Gbogbo ayé lè gbọ́ orin ọmọ Orlando, àfi Orlando.

Bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, orin kò sọ ohun gbogbo. Ìtàn tí ó mọ́ ni Amandla ń gbé lọ sórí ìtàgé. Ní ọdún 1998, ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà tí Desmond Tutu jẹ́ alága rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọ̀gá kan ní ibùdó ANC ti fìyà jẹ àwọn ọmọ ogun tiwọn fúnra wọn, débi pé àwọn kan kú. Níwájú ìgbìmọ̀ náà ni àwọn ìyá ti ń béèrè egungun ọmọ wọn. Ní ọdún 2005, ìjọba dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ láti máa wá ibi tí wọ́n sin àwọn tí ó sọnù sí. Èyí kò sọ orin di irọ́. Ó kàn fi hàn pé ìkíni ni orin lè jẹ́ láàárín ojú ogun àti ilé. Kò lè gba ipò ọmọ tí kò padà wá. Ẹni ọmọ sin ni ó bímọ, àwọn ìyá yẹn kò sì bèèrè fún ju egungun tí àwọn yóò sin lọ.

Ní ọdún 1991, Gwangwa padà sí ilé. Ní ọdún 1994, wọ́n da ọmọ ogun ìjọba àtijọ́ àti ti Umkhonto we Sizwe pọ̀ di ẹyọ ọmọ ogun kan. Láti ìgbà náà, ìyá tí ó fi orúkọ ránṣẹ́ sórí rédíò àti ìyá tí ó pa orúkọ mọ́ sínú lè ní ọmọ nínú bárékè kan náà. Ní ọdún 2010, ìjọba fún Gwangwa ní oyè Ikhamanga onípò wúrà. Ó kú ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 2021, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí aya rẹ̀ ti lọ. Ọjọ́ 23 oṣù Kìíní náà ni Masekela, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà ẹgbẹ́ orin Huddleston, ti kú ní ọdún 2018.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Gwangwa relé, ó sì sùn sí ilẹ̀ rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọrin fún kò rí ọ̀nà náà. Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn òmìnira Gúúsù Áfíríkà, ó dára kí a sọ fún wọn nípa ìbọn àti ìwé àdéhùn. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbàgbé àwọn tí wọ́n gbé fèrè kọ́ èjìká, tí wọ́n rin ọ̀nà jíjìn, kí ọmọ tí ó wà nínú igbó lè gbọ́ ohùn ilé rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tí ó lè pe orúkọ rẹ̀.