Níbo Ni A Ó Ti Pàdé?

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ní ọjọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 2002, ohun ìjà tí àwọn sójà kó pamọ́ sí bárékè Ìkẹjà bú gbàmù. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tó kú. Púpọ̀ nínú wọn, kì í ṣe iná ló pa wọ́n: inú kánààlì Òkè Àfá ni wọ́n sá kó sí lálẹ́. Wọ́n ń sá, wọn kò mọ ibi tí wọ́n ń sá sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iná ilé rí. Èéfín a máa pa ẹni tó sùn kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, nínú ilé wa ní Múṣin, mo kan aago èéfín mọ́ àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oṣooṣù ni mo ń tẹ̀ ẹ́ gbọ́, kí n lè mọ̀ bí bátìrì bá ti kú. Irin ojú fèrèsé tó ń lé olè lè há onílé mọ́, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lórí ìṣó tí ọwọ́ ọmọdé tó.

Nígbà tí a ń pín iṣẹ́, ìyá mi, tí ẹsẹ̀ ń dùn, béèrè pé: “Ta ni yóò gbé èmi?” Ilé dákẹ́. Mo ní èmi ni. Ìyàwó mi yóò gbé ìkókó, àkọ́bí yóò fa àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Ìdí igi máńgòrò iwájú ilé ni a ó ti pàdé, kí a tó pe 767 tàbí 112. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ padà wọlé nítorí owó.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ bi ará ilé yín lálẹ́ òní: bí iná bá sọ, níbo ni a ó ti pàdé?