Ọjọ́ Mẹ́jọ ní Lisbon, Pẹ̀lú Etí Òkun àti Orí Òkè

Ní ìpàdé wa kan tó kọjá, mo ń sọ fún ẹnì kan nípa ìrìn àjò tí èmi àti ìdílé mi lọ ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, kí n tó wẹ̀yìn, ẹni mẹ́rin mìíràn ti dúró tì wá, tí wọ́n ń bi mí pé èló ló ná mi. Wọ́n ní kí n kúkú kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wa. Ẹ máa rí iye tó ná mi. Ẹ ó sì rí ibi tí mo ti ṣe bí ẹni tí kò lọ sí ilé ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Láti ọdún mẹ́tàlélógún tí a ti wà ní London, a ò lọ ìsinmi rí. Bí a bá ti gba àyè níbi iṣẹ́, ilé ni à ń lọ, ilé kì í sì í ṣe ìsinmi: ọ̀sẹ̀ kìíní fún òkú, ọ̀sẹ̀ kejì fún ìgbéyàwó, ọjọ́ tó bá kù fún àwọn bíríkìlà tó ń kọ́ ilé wa ní Ìjẹ̀bú Òde. Ọdún tí a kò bá lè lọ, èmi á gba iṣẹ́ kún iṣẹ́. Ní oṣù kìíní, nígbà tí ìwé owó orí àwọn oníbàárà bò mí mọ́lẹ̀ bí ó ti máa ń rí lọ́dọọdún, ìyàwó mi gbé tíì wá fún mi, ó ní, “Dádì, ilé yẹn á dúró dè yín. Ọmọ yìí ò ní dúró.” Àkọ́bí wa obìnrin ló ń wí, tó ń lọ sí yunifásítì ní Scotland ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Mo fi bírò sílẹ̀.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé ohun tí oníkálukú ń fẹ́ yàtọ̀. Àkọ́bí ń fẹ́ ìlú ńlá tó ní ilé àtijọ́ àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọmọkùnrin tó tẹ̀lé e, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òkun ló ń fẹ́, kò fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn. Àbígbẹ̀yìn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní òun ń fẹ́ rí ààfin ọba. Ìyá wọn ń fẹ́ ibi tí igi pọ̀ sí, tí atẹ́gùn ń fẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò ní bi í pé kí la máa jẹ. Èmi ń fẹ́ kí owó tó wà nílẹ̀ tó o.

Mo tẹ́ máàpù sórí tábìlì. Mò ń wá ìlú kan tí ọkọ̀ ojú irin ti lè gbé èèyàn dé etí òkun láàárín wákàtí kan, kí òmíràn sì gbé e dé orí òkè láàárín wákàtí kan, láìyá mọ́tò. Lisbon, olú ìlú ilẹ̀ Pọtogí, ló jáde. Láti London, ọkọ̀ òfurufú kì í gbà tó wákàtí mẹ́ta, aago tiwọn àti tiwa sì dọ́gba. Ìṣẹ́jú bí ogójì ni ọkọ̀ ojú irin fi ń lọ láti Cais do Sodré, lẹ́bàá odò Tejo, dé Cascais létí òkun. Ìṣẹ́jú bí ogójì náà ni láti ibùdókọ̀ Rossio dé Sintra lórí òkè.

Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí. Èmi àti àwọn ọmọ ní páásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá wọn ṣì ń lo ti Nàìjíríà, ìwé ìgbélùú rẹ̀ níbí sì pé pérépéré. Ṣùgbọ́n ìwé ìgbélùú London kì í ṣe físà Pọtogí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ o. Mo kàn rí tíkẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ rọjú ni, mo rà á fún àwa márààrún ní oṣù kẹrin pé a ó lọ ní ìparí oṣù keje, kí n tó wá ọjọ́ tí wọn yóò gba ìwé lọ́wọ́ ìyàwó mi. Ìgbà tí mo fi máa wá a, kò sí àyè mọ́ títí di ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ gbéra gan-an. Agogo márùn-ún ìdájí ni mò ń jí lójoojúmọ́ láti wò bóyá ẹnì kan ti yẹ ọjọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ kan tilẹ̀ wà tí mo dábàá pé kí èmi àti àwọn ọmọ máa lọ, kí ìyá wọn dúró. Àkọ́bí wò mí, ó ní tí Mọ́mì ò bá lọ, òun náà ò lọ. Ọ̀rọ̀ parí. A sún ìrìn àjò náà sí àárín oṣù kẹjọ. Owó àyípadà tíkẹ́ẹ̀tì nìkan jẹ́ £340. Ìyàwó mi ò bínú. Ó kàn bi mí pé tí oníbàárà mi kan bá ṣe irú èyí, kí ni máa sọ fún un. Mi ò dáhùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń lo páásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé, ẹ wá físà kí ẹ tó wá tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti bí oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò. Bí ọjọ́ tó kù kò bá ti tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mọ́, ó ti pẹ́. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, €90 ni owó físà náà fún àgbà, €45 fún ọmọ ọdún mẹ́fà sí mọ́kànlá. Ẹ̀yin tí ẹ ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ẹ má dúró ṣagbára: ìwé yín kò gbọ́dọ̀ tí ì pé ọdún mẹ́wàá lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ ku oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí ya fọ́tò èèyàn ní ẹnubodè, tí wọ́n ń gba ìtẹ̀ka, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ìyẹn.

Ní ti ibùgbé, àwọn ọ̀rẹ́ gbà mí nímọ̀ràn pé kí a sùn ọjọ́ mẹ́ta nígboro, ọjọ́ mẹ́ta létí òkun, ọjọ́ méjì lórí òkè. Mo ṣírò rẹ̀. Ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún tó bá ń dì ẹrù, tó ń tú ẹrù, ààbọ̀ ọjọ́ ló ń pàdánù nígbà kọ̀ọ̀kan, a ó sì tún máa wá ibi tí a máa gbé àpótí sí. Ojú kan la sùn: ilé kan tó ní ilé ìdáná, ní àdúgbò Alcântara, tí ọkọ̀ ojú irin Cascais ń dúró lẹ́bàá rẹ̀. Ẹ má gbàgbé owó ìlú. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, €4 ni àlejò tó bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá ń san lóru kọ̀ọ̀kan ní Lisbon, títí dé òru méje. Ẹni mẹ́rin nínú wa, òru méje, €112. Kì í sí nínú iye tí ènìyàn ń kọ́kọ́ rí.

Ìlú náà dùn ún wò. Òkè àti ìsàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, bí ẹni wà ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n òkúta wẹ́wẹ́ funfun ni wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà, ó sì ń yọ̀. Ìyàwó mi fi bàtà gíga rẹ̀ sínú àpótí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò yọ ọ́ mọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1755, ọjọ́ Àwọn Ẹni Mímọ́, bí àwọn ènìyàn ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, ilẹ̀ mì tìtì, omi ya wọ ìlú, iná sì jó o fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú. Wọ́n tún ìsàlẹ̀ ìlú kọ́ ní títì tó tò gbọnrangandan, ṣùgbọ́n wọ́n fi ṣọ́ọ̀ṣì Carmo sílẹ̀ láìní òrùlé títí di òní. Àbígbẹ̀yìn wa dúró láàárín rẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀run, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, èyí tí kì í ṣe ìṣe rẹ̀.

Tíráàmù 28 tí gbogbo ayé ń wọ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ jí lọ, kí ẹ sì di àpò yín mú. Ọkọ̀ ojú omi tó ń sọdá láti Cais do Sodré sí Cacilhas ni mo fẹ́ràn ju: ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, owó bọ́ọ̀sì lásán, gbogbo ìlú á sì yọ sí yín láti ojú omi.

Ní gbàgede São Domingos, lẹ́bàá Rossio, àwọn ará Guinea-Bissau ni wọ́n máa ń pé jọ sí. Ìyàwó mi rí obì lórí àtẹ ìyá kan. Ìyá náà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwa ò gbọ́ Pọtogí kọjá “obrigado,” ìka ni wọ́n fi ná an. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ìyá náà mú ẹyọ kan sí i, ó fi ṣe ènì. Inú ìyàwó mi dùn sí ẹyọ obì yẹn ju gbogbo ohun tí a rà lọ.

Ní Belém, létí odò, ère òkúta ńlá kan wà tí wọ́n parí ní 1960, ó dà bí iwájú ọkọ̀ ojú omi, ọmọ ọba wọn tó ń jẹ́ Henrique ló ṣáájú. Wọ́n ń gbóríyìn fún àwọn atukọ̀ wọn. Mo rò ó títí bóyá kí n sọ apá kejì ìtàn náà fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo sọ ọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1444, ní ìlú kan ní gúúsù ilẹ̀ náà, wọ́n sọ ọmọ Áfíríkà 235 kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n pín wọn ní gbangba bí ẹran, ìyá lọ́tọ̀, ọmọ lọ́tọ̀. Henrique yìí gba ìdámárùn-ún. Orúkọ ìlú náà ni Lagos.

Ó ní, “Lagos tiwa?”

Mo ní rárá, tiwọn ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ lédè wọn ni àwọn adágún omi, àwọn náà ló sì sọ Èkó ní Lagos.

“Kí ló ń jẹ́ kí wọ́n tó dé?”

“Èkó ni wọ́n ń pè é nílé. Èkó náà ló ṣì ń jẹ́.”

Ó fẹ́ kí a lọ rí Lagos yẹn. Ó jìnnà, ọ̀nà bí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta kìlómítà, mo ní ó di ọjọ́ mìíràn. Títí di òní ni ó ń rán mi létí.

Ọjọ́ Ajé ni a fi lọ sí òkun, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni kì í ṣí lọ́jọ́ yẹn. Carcavelos la dúró sí, kí a tó dé Cascais. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní àsíá: aláwọ̀ ewé, ẹ lè lúwẹ̀ẹ́; aláwọ̀ ìyeyè, ẹsẹ̀ nìkan; pupa, ẹ má wọ̀ ọ́ rárá. Òkun kan náà tó ń lu Èkó ni, ṣùgbọ́n ó tutù bí omi inú fíríìjì láàárín oṣù kẹjọ. Ọmọkùnrin tó ti ń dààmú wa láti oṣù kìíní wọ inú rẹ̀, ó kígbe, ó jáde, ó gbá bọ́ọ̀lù lórí yanrìn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Sintra la fi ṣe ọjọ́ kẹfà. Ẹ má gbé mọ́tò lọ, ọ̀nà ibẹ̀ há. Ẹ mú súwẹ́tà: oòrùn ń jó ní Lisbon, kùrukùru ń bọ̀ lórí òkè. Ààfin Pena, aláwọ̀ pupa àti ìyeyè, wákàtí tí ẹ máa wọlé wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, bó bá ti kọjá, ó ti kọjá. A tètè dé, àbígbẹ̀yìn rí ààfin rẹ̀. Lẹ́yìn náà la wọ bọ́ọ̀sì gba àárín oko àti igbó, ní agbègbè Colares, níbi tí wọ́n ti ń gbin àjàrà sínú yanrìn, títí dé Cabo da Roca, ibi tí ilẹ̀ Yúróòpù ti parí ní ìhà ìwọ̀ oòrùn. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè gba fìlà lórí èèyàn. Ìyá àti àkọ́bí rẹ̀ jókòó sórí òkúta kan, wọ́n da ìborùn kan ṣoṣo bo ara wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀sì kan wá, ó lọ. Èkejì wá, ó lọ. Ọmọkùnrin wa ní kí òun lọ pè wọ́n, mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀.

Gbogbo owó náà, tíkẹ́ẹ̀tì, ilé, oúnjẹ, ọkọ̀, físà, jẹ́ £3,180, láìka £340 àìgbọ́n mi. Owó fèrèsé ilé Ìjẹ̀bú Òde ni. Pátákó ló ṣì wà lójú fèrèsé náà bí mo ti ń kọ ìwé yìí. Nípa ìrìn àjò tó ń bọ̀, ìyàwó mi ti gba ọjọ́ físà fúnra rẹ̀. Kò fi í lé mi lọ́wọ́ mọ́.