Wákàtí Kan sí Àbújá

Bódìjà. Tíkẹ́ẹ̀tì mi ní wákàtí kan ni láti Alákìà, pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn, dé Àbújá. Bí ẹyẹ ṣe ń fò, ó tó nǹkan bí 405 kìlómítà. Tíkẹ́ẹ̀tì ò dárúkọ Ìwó Road. Oní-Micra tó gbé mi láago mẹ́fà ìdájí ló dárúkọ ẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, tá a bá ti lè kọjá Ìwó Road, ẹ ti dé Àbújá nìyẹn."

Ring Road. Láti Ìkẹjà sí Àbújá lójú sánmà, ó tó nǹkan bí 510 kìlómítà. Ìbàdàn fi bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà sún mọ́ Àbújá ju Èkó lọ. Síbẹ̀, aládùúgbò mi kan máa ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Èkó kó tó wọ bààlúù. Ó ní bààlúù Alákìà ò pọ̀. Bí ọ̀kan bá já òun jù sílẹ̀ ní Ìkẹjà, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn.

Dùgbẹ̀. Mo gbójú sókè wo Cocoa House: ilé alájà 26, gíga rẹ̀ jẹ́ 105 mítà, láti 1965 ló ti nàró síbẹ̀. Bààlúù ńlá tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ń fò ní nǹkan bí 10,000 mítà. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, àfi kó to Cocoa House bíi márùndínlọ́gọ́rùn-ún léra wọn.

Challenge. Gáréèjì Èkó. Ìyá kan ń fokùn di àpótí ọmọ rẹ̀: ẹ̀lùbọ́, ẹ̀gúsí, ewédú gbígbẹ. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni bààlúù ọmọ. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n ń wọ mọ́tò. Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà, wákàtí mẹ́fà àbọ̀. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó tó ń já ìyá náà láyà ò tó 130 kìlómítà. Bààlúù kì í dúró de ẹni tí tírélà dábùú ọ̀nà fún.

Agbówó. Ẹ̀gbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kan gbéra ní Èkó láago mọ́kànlá alẹ́, nínú oṣù Kejìlá, ó sì balẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù láago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí. "Wákàtí márùn-ún àbọ̀ péré?" Rárá o. Nígbà ọyẹ́, aago tiwọn fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. Tó bá ń bọ̀ wálé, á dá wákàtí náà padà. Nígbà òjò, aago méjèèjì á dọ́gba, kò sẹ́ni tó máa jèrè.

Alákìà. Ọyẹ́ bo pápá. Awakọ̀ bààlúù gbọ́dọ̀ rí ibi tó máa balẹ̀ sí, kò sì rí i. Láago mẹ́wàá, àbúrò mi kan níbi iṣẹ́, tó wọ mọ́tò Àbújá ní Ìwó Road lówùúrọ̀ yẹn, pè mí láti Àkúrẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gúnlẹ̀?" Mo ní Ìbàdàn ni mo ṣì wà. Ẹ̀rín pa á.

Ọ̀sán ni ojú ọjọ́ tó là, a fò. Nírọ̀lẹ́, mo ti jẹun, mo ti sùn, mo ti jí. Èmi náà pè é: "Àbúrò, ibo lo dé?"

"Lókọ́ja." Mo ń gbọ́ àwọn ẹlẹ́ja lẹ́yìn rẹ̀.