Ibùdókọ̀ Tí Kò Ní Géètì

Ní Berlin, olú ìlú Jámánì, èèyàn lè gba ẹ̀gbẹ́ títì sọ̀ kalẹ̀ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, kó wọ ọkọ̀, kó la ìlú já, kó sì jáde lápá kejì láìsí ẹni tó bi í léèrè owó. Kò sí géètì. Kò sí ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí kọ̀ndọ́ tó nawọ́ gba owó. Ìwé atọ́nà àwọn àlejò máa ń fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ èyí, wọ́n á sì kọjá sórí ọ̀rọ̀ ilé ìtura àti ilé oúnjẹ.

Akọ̀wé yìí kò lè kọjá bẹ́ẹ̀. Àǹtí rẹ̀ kan tí wọ́n ń ta aṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ lọ kí ọmọ wọn ní Berlin, wọ́n sì ní kó bá àwọn kọ ohun tó yẹ kí àwọn mọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kà á dé ibi tó ti ní kò sí géètì, wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n bi í pé, “Ta ló wá ń ṣọ́ ọjà náà?” Ìbéèrè ọlọ́jà ni. Ọjọ́ bíi mélòó kan ló fi ń yí i ká lọ́kàn rẹ̀.

Ohun tó rọrùn ló kọ́kọ́ kọ. Wọ́n pín Berlin àti àyíká rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: A, B àti C. A ni àárín ìlú, èyí tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin kan yí ká bí òrùka. B bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ dé ààlà ìlú. C ni agbègbè ìta, níbi tí ìlú Potsdam wà, tí pápákọ̀ òfurufú BER náà sì wà. Ní October 31, 2020 ni wọ́n ṣí pápákọ̀ yìí, nítorí pé inú C ló sì bọ́ sí, ẹni tó bá ń bọ̀ láti ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì ABC. AB kò tó. Tíkẹ́ẹ̀tì AB ẹlẹ́ẹ̀kan ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì. Èèyàn lè ti inú ọkọ̀ kan bọ́ sí òmíràn láàárín àkókò náà, ṣùgbọ́n iwájú nìkan ló gbà. Kò ṣeé fi padà sí ibi tí èèyàn ti ń bọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀nà kúkúrú tún wà, tó ń gbé èèyàn dé ibùdó mẹ́ta lórí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, tàbí mẹ́fà nínú bọ́ọ̀sì. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà kì í sanwó.

Lẹ́yìn èyí ni òǹtẹ̀ wá kàn, ibẹ̀ sì ni àlejò ti ń kó sí wàhálà. Tíkẹ́ẹ̀tì bébà tí ẹ̀rọ inú ibùdó ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tì jáde kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àpótí kékeré kan wà nítòsí, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Inú rẹ̀ ni èèyàn yóò ti etí tíkẹ́ẹ̀tì náà bọ̀ kí ó lè lu ọjọ́ àti àkókò mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti sanwó lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú òfin ọkọ̀, kò ní tíkẹ́ẹ̀tì.

Àwọn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò sì ń bọ̀. Aṣọ bíi ti èrò yòókù ni púpọ̀ nínú wọn máa ń wọ̀. Wọ́n á wọlé, ilẹ̀kùn á tì, ọkọ̀ á gbéra, ìgbà náà ni wọ́n á yọ káàdì iṣẹ́ wọn, wọ́n á sì ní kí oníkálukú mú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jáde. Ẹni tí kò ní in yóò san 60 Yúrò. Ẹni tó rà á tí kò lù ú ní òǹtẹ̀ yóò san 60 Yúrò kan náà. 40 Yúrò ni ìtanràn yìí tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ di 60 ní ọdún 2015.

Ìdáhùn sí ìbéèrè àǹtí ti wà nílẹ̀ nìyẹn: àwọn kan ń ṣọ́ ọjà náà, a kàn kì í rí wọn ni. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú wo ló tún yẹ kó mọ ìtumọ̀ géètì ju Berlin lọ?

Láti August 13, 1961 títí di November 9, 1989, ògiri ló la ìlú náà sí méjì, ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn. Ọ̀nà ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ méjì tó jẹ́ ti ìwọ̀ oòrùn, àwọn tí a mọ̀ sí U6 àti U8 lónìí, gba abẹ́ ìlà oòrùn kọjá. Ọkọ̀ kì í dúró ní àwọn ibùdó tó wà lápá ibẹ̀. Yóò dẹ eré, yóò sì máa fà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ibùdó tí iná wọn ṣú, tí ẹ̀ṣọ́ ibodè dúró sí. Friedrichstraße lórí U6 ni ọkọ̀ ti ń dúró, ibodè gan-an ló sì wà níbẹ̀. Gbọ̀ngàn tí àwọn ará ìwọ̀ oòrùn tó wá kí ẹbí wọn ti ń dágbére kí wọ́n tó padà ṣì wà nídìí ibùdó náà. Àwọn ará ìlú ń pè é ní Tränenpalast, Ààfin Omijé. Ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí, ọ̀fẹ́ sì ni wíwọ ibẹ̀. Ní November 11, 1989, nígbà tí ògiri ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lọ́jọ́ méjì sẹ́yìn, wọ́n ṣí ibùdó Jannowitzbrücke lórí U8 padà. Òun ni àkọ́kọ́ nínú àwọn ibùdó tí wọ́n ti pa tì láti ọdún 1961.

Akọ̀wé yìí fẹ́ kí ìtàn yìí jẹ́ òpin àròkọ rẹ̀: ìlú tó mọ oró ògiri, tó wá fi ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ìrántí kan kò jẹ́ kó rí i kọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀nà oko kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, ìyá rẹ̀ àgbà máa ń pàtẹ ọsàn sábẹ́ igi, wọ́n á sì bá iṣẹ́ oko wọn lọ. Kò sí ẹni tó ń jókòó tì í. Òkìtì-òkìtì ni wọ́n ń to ọsàn náà, wọ́n á ṣa òkúta wẹ́wẹ́ síwájú òkìtì kọ̀ọ̀kan, iye òkúta náà ni iye kọ́bọ̀ tí wọ́n ń tà á. Ẹni tó bá fẹ́ rà yóò ka òkúta, yóò ju owó sínú igbá, yóò kó ọsàn, yóò sì máa lọ. Àṣà yìí ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá láti ayé owó ẹyọ. Ọmọdé tó bá rí igbá owó lábẹ́ igi láìrí olówó kò lè ṣe kó má béèrè pé bí ẹnì kan bá gbé e lọ ńkọ́.

Ìyá àgbà nàka sókè. Wọ́n ti so ìkarahun ìgbín kan àti akísà pupa mọ́ ẹ̀ka igi náà. Ààlè ni. Ẹni tó bá rí i mọ̀ pé nǹkan náà ní olówó, ó sì mọ̀ pé olówó náà ti fi ọwọ́ rẹ̀ lé ibi tí ìyà olè yóò ti jáde. Pàtẹ tó dà bíi pé ó ṣí sílẹ̀ kò ṣí sílẹ̀ rárá. Olùṣọ́ rẹ̀ wà lókè orí ẹni tó ń rajà. Bí ti Berlin náà ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Níbi tí kò sí géètì, ààlè ń bẹ níbẹ̀.

Ó ku gbólóhùn kan tí ìyá àgbà fi kún un, òun ló sì da gbogbo èrò akọ̀wé yìí rú. “Ẹni tí ebi bá ń pa, kó jókòó jẹ ẹ́ síbẹ̀, kó fi èèpo sílẹ̀. Èyí tó bá dì í lẹ́rù ló jalè.” Ààlè wọn mọ ìyàtọ̀ láàárín ebi àti olè. Èèpo ọsàn lábẹ́ igi kì í bí wọn nínú. Wọ́n á gbá a dànù, wọ́n á sì tún òmíràn tò.

Ṣé ààlè Berlin mọ ìyàtọ̀ yẹn?

Ní Jámánì, wíwọ ọkọ̀ láìsanwó ju ọ̀rọ̀ ìtanràn lọ. Ọ̀ràn ni. Ó wà nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, abala 265a, tí wọ́n fi kún ìwé òfin náà ní ọdún 1935, nígbà ìjọba Hitler. Ìjìyà rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí owó ìtanràn tí ilé ẹjọ́ bá dá. Ẹni tí wọ́n bá mú léraléra, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Iye tí onítọ̀hún ń rí lóòjọ́ ni adájọ́ fi ń ṣírò owó náà, bíi owó ọjọ́ 30 tàbí ti ọjọ́ 40. Bí kò bá wá rí i san, yóò lọ fi ẹ̀wọ̀n dí i. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọjọ́ kan ló ń dí owó ọjọ́ kan. Láti February 1, 2024, ẹ̀wọ̀n ọjọ́ kan ti ń dí owó ọjọ́ méjì, ìyẹn ni pé wọ́n dín in kù sí ìdajì. Ní Berlin, ọgbà ẹ̀wọ̀n Plötzensee wà lára ibi tí irú àwọn ẹlẹ́wọ̀n bẹ́ẹ̀ ti ń ṣe é.

Àlejò tó gbàgbé òǹtẹ̀ kì í dé Plötzensee. Yóò san 60 Yúrò rẹ̀, inú yóò bí i, yóò sì wọ bàálù lọ sílé. Ẹni tó ń débẹ̀ ni ẹni tí kò níṣẹ́, ẹni tí kò nílé, ẹni tí ọtí tàbí oògùn olóró ti mú lẹ́rú, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá tó láti ṣí lẹ́tà tí ilé ẹjọ́ kọ sí i. Ẹni tí kò nílé, ibo ni lẹ́tà yóò ti bá a? Ìyẹn ni gbólóhùn kan ṣoṣo inú ìwé atọ́nà kò lè sọ, nítorí kì í ṣe irú wọn ni wọ́n kọ ìwé náà fún. Àìsí géètì rọrùn fún ẹni tó lówó tíkẹ́ẹ̀tì lápò. Fún ẹni tí kò ní, géètì ìbá sàn fún un: yóò dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò padà sẹ́yìn, kò sì ní di ọ̀daràn.

Nínú ọdún 2021, oníròyìn kan tó ń jẹ́ Arne Semsrott dá àjọ Freiheitsfonds sílẹ̀. Owó ni àjọ náà ń tọrọ lọ́wọ́ ará ìlú, òun ni wọ́n fi ń san gbèsè àwọn tó wà lẹ́wọ̀n nítorí owó ọkọ̀, kí wọ́n lè tú wọn sílẹ̀. Wọ́n ti dá èèyàn tó lé ní 1,000 sílẹ̀ lọ́nà yìí. Luxembourg gba ọ̀nà mìíràn: láti ìparí February 2020, bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú irin ìgboro àti rélùwéè ti di ọ̀fẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, àyàfi ìjókòó ọlọ́lá nínú rélùwéè. Kò sí òǹtẹ̀ tí àlejò lè gbàgbé níbẹ̀.

Akọ̀wé yìí kò sọ pé kí Berlin ṣe bíi Luxembourg. Ìlú ńlá ni, owó tíkẹ́ẹ̀tì sì wà lára ohun tó ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ rìn. Ohun tí ìlú Düsseldorf àti Köln ní Jámánì kan náà ṣe ló wù ú. Ní ọdún 2023, ìgbìmọ̀ ìlú méjèèjì pinnu pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ àwọn kò gbọdọ̀ fi ẹjọ́ ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì sùn mọ́ bí ẹni tó dáràn. Lábẹ́ ìpinnu náà, ààlè wọn ṣì wà lókè igi: àwọn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ṣì ń wọ ọkọ̀, 60 Yúrò ṣì ni ìtanràn, ẹni tó jẹ ẹ́ ṣì jẹ gbèsè. Ọlọ́pàá, adájọ́ àti wọ́dà ni wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀. Berlin lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kó ṣe é, nítorí pé owó tí ìjọba ń ná lórí ẹlẹ́wọ̀n kan lóòjọ́ ju owó tíkẹ́ẹ̀tì tí kò rí rà lọ fíìfíì, àti pé ẹni tó jáde lẹ́wọ̀n láìní kọ́bọ̀ lápò ṣì ní láti wọ ọkọ̀ kó tó lè dé ibi tó ń lọ.