Ìyanu ni, kì í ṣe Ìyá Nù

Ọ̀rọ̀ akọni la gbé wá lónìí. Kì í ṣe akọni inú ìtàn ìwáṣẹ̀, bí kò ṣe àwọn tó ń fò nínú kọ́míìkì, tí ara wọn ń tàn yanranyanran, tí wọ́n sì ń jẹ́ orúkọ Yorùbá.

Ẹ ó ti gbọ́ nípa Iyanu. Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà tó fi Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé, ló kọ ọ́. Godwin Akpan ló ya àwòrán rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Dark Horse ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé kìíní jáde ní ọdún 2021. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2025, ó di eré aláwòrán lórí Cartoon Network, ó sì dé HBO Max ní ọjọ́ kejì. Adesua Etomi-Wellington àti Shaffy Bello wà lára àwọn òṣèré wa tó fi ohùn wọn kópa níbẹ̀. Ìtàn náà dá lórí ọmọbìnrin kan tí kò mọ àwọn òbí rẹ̀, tí ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Olori tọ́ dàgbà, tó wá ṣàdédé rí i pé agbára ńlá kan wà nínú òun. Aṣọ inú rẹ̀ jọ tiwa, orúkọ inú rẹ̀ jẹ́ tiwa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ.

A fẹ́ràn ìwé yìí gan-an. Àwa mẹ́ta la ń kọ àkọsílẹ̀ yìí: ọ̀kan ń gbé Mowe, ọ̀kan ń gbé Ibafo, ìkẹta sì jẹ́ ọmọ Ifo. Yorùbá la ń kọ́ ní yunifásítì, kọ́míìkì la sì fi ń najú. Ohun tó ń dùn wá ni pé iṣẹ́ tí a ń kọ́ àti ohun tí a fẹ́ràn kò tíì pàdé. Àwọn akọni wa ti dé òkè òkun, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé àmì ohùn wọn sílé.

Ẹ wo orúkọ ìlú wa bí a ṣe kọ ọ́ sókè yìí. Bí àwọn pátákó ojú ọ̀nà ṣe kọ ọ́ ni a ṣe kọ ọ́, kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kò nílò àmì kó tó lè pè é. Àlejò ló nílò rẹ̀. Ní Mowe àti Ibafo lónìí, àlejò pọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ìdílé ló kó wá láti Èkó nígbà tí owó ilé le. Àwọn ọmọ wọn náà ti di àlejò nínú èdè Yorùbá.

Nígbà ìsinmi, a máa ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní lẹ́sìnnì ní Mowe. Àwọn kan nínú wọn ń lọ sí ilé-ìwé tí ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì ti ń san owó ìtanràn. A kò ní dárúkọ ilé-ìwé náà. A fi ojú ìwé Iyanu hàn wọ́n lórí fóònù. Ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ka àkọlé rẹ̀ sókè: "Ìyá nù." Ẹ gbọ́ nǹkan tó sọ o. Ó ní ìyá ti sọnù!

A kọ méjèèjì sójú pátákó: ìyanu, ìyá nù. A ṣàlàyé ìyàtọ̀ àárín wọn. Ọmọ náà wò ó títí, ó wá bi wá, Yorùbá díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, pé ṣé torí pé ìyá rẹ̀ nù ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ìyanu. Kò sí ẹnì kan nínú àwa mẹ́ta tó ti ronú débẹ̀ rí. Ọmọ tí wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí Yorùbá ló fi ohùn orúkọ túmọ̀ ìtàn fún àwa tí a ń kọ́ Yorùbá. Nítorí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pariwo.

Kì í ṣe Iyanu nìkan. Ilé-iṣẹ́ Comic Republic tí Jide Martin dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2013 ní akọni kan tó ń jẹ́ Eru. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀rù tó ń ba ènìyàn ni wọ́n ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i lójú ìwé lè pè é ní ẹrù tí à ń gbé lórí, tàbí ẹrú tí wọ́n rà lọ́jà, tàbí èrú tí oníjìbìtì ń ṣe. Ọ̀tá wo ló máa sá fún ẹni tó ń jẹ́ Ẹrù? Olori ńkọ́? Olorì, aya ọba, ni àbí Olórí, aṣáájú? Ìwé kò fi àmì kankan sí i, a sì ti jiyàn lé e lórí títí oúnjẹ fi tutù.

Àwọn kan máa ń sọ fún wa pé nǹkan òyìnbó ni akọni alágbára, pé kí á má fi Yorùbá wọ inú rẹ̀. Ọdún 1938 ni Superman kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1938 kan náà ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde. Ẹ rántí àwọn tó bá Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó: Kàkò pẹ̀lú kùmọ̀ rẹ̀, Ìmọ̀dòye ọlọ́gbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ tí orin rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, Ẹlẹ́gbẹ́dẹ-ọdẹ tó gbọ́ èdè ẹranko. Olúkúlùkù ló ní agbára tirẹ̀, ọba ló rán wọn níṣẹ́ nítorí ìlú, wọ́n sì jọ lọ. Tí èyí kì í bá ṣe ẹgbẹ́ akọni, a fẹ́ kí ẹnìkan sọ ohun tó ń jẹ́ fún wa. Yorùbá ni gbogbo wọn sì ń sọ.

Láti mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe, a mú ojú ìwé Iyanu kan, a sì tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ ní Yorùbá sínú ìwé wa. Ìdánrawò ni, a kò tà á, a kò sì pín in fún ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tó ni iṣẹ́ ló ni í. A rò pé àyè ọ̀rọ̀ tó wà lórí àwọn ènìyàn inú àwòrán kò ní gba Yorùbá. Ó gbà á. Ibi tó ti le ni "ẹ" àti "o". Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà ni ọmọ fi ń bá ìyá, ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá sọ̀rọ̀. Nínú Yorùbá, o ní láti yàn. Kò sí iyàn pé "ẹ" ni yóò máa fún Olori. Ṣùgbọ́n tí àgbàlagbà kan bá ń ba ìlú jẹ́, tí ọmọ náà dìde sí i, ṣé "ẹ" ni àbí "o"? Ará Ibafo wa ní kí ó fi "o" bá a jà, pé ìkà kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀wọ̀. Ọmọ Ifo ní rárá, pé ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa lè na àgbàlagbà ìkà kó sì máa sọ pé "ẹ dìde nílẹ̀, sà." A rẹ́rìn-ín títí. A kò tíì parí ẹjọ́ náà.

Níbi ìró gan-an la ti rí i pé Yorùbá ni èdè kọ́míìkì. Àwọn òyìnbó ń kọ "bam" àti "pow". Àwa ní gbì fún ohun tó wúwo tó ṣubú, fìrì fún ẹni tó sáré kọjá, gbàgà fún ilẹ̀kùn tó pa dé, pátí fún okùn tó já. Àwọn ọmọ lẹ́sìnnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó tiwọn wá láti ẹnu ìyá àgbà wọn nílé.

Ta ló máa rà á? Gbogbo ènìyàn ló ń bi wá ní ìbéèrè yìí. Ẹ bi àwọn òbí yín nípa Atọ́ka. Láti òpin àwọn ọdún 1960 ni ìwé ìròyìn yẹn ti ń gbé eré àwọn ẹgbẹ́ òṣèré tíátà jáde ní fọ́tò, tí ọ̀rọ̀ Yorùbá wà lára fọ́tò náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń tà á, àwọn ènìyàn sì ń dúró de èyí tó kàn. Kọ́míìkì ni Atọ́ka, kámẹ́rà ni wọ́n kàn fi rọ́pò gègé ayàwòrán.

Ìbéèrè wa sí àwọn tó ni àwọn akọni yìí kò pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi àmì ohùn sí orúkọ wọn, iṣẹ́ wákàtí kan nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìwé kan ṣoṣo jáde ní Yorùbá, kí ẹ sì wo bí yóò ṣe tà. Àwọn tó lè ṣe iṣẹ́ náà wà ní gbogbo ẹ̀ka Yorùbá ní yunifásítì wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì ń bi lójoojúmọ́ pé kí ni wọ́n fẹ́ fi Yorùbá ṣe. Ní tiwa, ọ̀kan nínú wa ti pinnu pé ọ̀rọ̀ ìró ni òun yóò fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá òun. Ó ti ní ogójì báyìí. Tí ẹ bá mọ bí ìlú yín ṣe ń pe ìró àrá tó sán tàbí ẹsẹ̀ tó já wọ inú ẹrẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, pẹ̀lú àmì ohùn o.