Ooru Ìbèṣè, Ata Ayétòrò



Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yewa tó ń gbé gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni kò ní bọ́ílà nínú fúláàtì. Omi gbígbóná tí a fi ń wẹ̀, àti èyí tó ń mú ilé móoru, òde ló ti ń wá. Kánsù ló ni ilé bọ́ílà kan ládùúgbò, ọ̀pá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ló sì ń pín ooru láti ibẹ̀ kiri ilé. Ènìyàn lè gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ títí láìbéèrè ibi tí ooru náà ti ń wá. Mo fẹ́ kí a béèrè, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan Ìlaròó àti Ayétòrò nílé ju bí a ti rò lọ.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, kánsù Westminster kọ́ ilé Churchill Gardens sí Pimlico, létí odò Thames. Lódìkejì odò ni ilé iṣẹ́ mànàmáná Battersea wà, tó ń sun èédú tọ̀sán-tòru, tí ooru rẹ̀ ń ṣòfò. Àwọn ẹnjiníà ní kí wọ́n má dà á nù mọ́. Wọ́n fa ọ̀pá gba abẹ́ odò kọjá, nígbà tó sì di 1950, ooru tí Battersea ì bá dànù ni àwọn ará Pimlico fi ń wẹ̀. Battersea kógbá wọlé ní 1983, ṣùgbọ́n ọ̀pá Pimlico wà níbẹ̀. Bọ́ílà mìíràn ni wọ́n gbé tì í, ilé tó lé ní 3,000 ló sì ń lò ó títí di òní. Ohun tí mo rí dì mú nínú rẹ̀ ni pé ìlú ló ni ọ̀pá náà. Nítorí náà, nígbà tí iná àkọ́kọ́ kú, ìlú lè wá iná mìíràn sí i.

Kánsù Islington tún ṣe ohun tó yà mí lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kan wà ní City Road tí wọ́n ti tì pa láti 1922. Láti 2020, fáànù ńlá kan ń fa atẹ́gùn gbígbóná jáde níbẹ̀, ẹ̀rọ kan ń gba ooru ara rẹ̀, ó ń fi í kún omi, omi náà sì ń lọ sí ilé tó tó 1,350, ilé ìwé kan àti ibi ìwẹ̀ ìgbafẹ́. Bó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n lè yí fáànù náà padà kó máa fẹ́ atẹ́gùn tútù sínú ihò ọkọ̀. Ní Deptford náà, ibi tí wọ́n ti ń sun pàǹtí ìlú ń fi ooru ránṣẹ́ sí nǹkan bí ilé 2,500 ní Southwark, níbi tí ilé àwa ọmọ Yorùbá pọ̀ sí bí ọjà.

Mo ti rí òdì rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà òtútù kan, ọ̀pá bẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ ládùúgbò tí mò ń gbé, gbogbo ilé sì tutù lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ilẹ̀kùn líìfù pé kí a ní sùúrù. Wọ́n kọ ọjọ́ tí yóò dára sí i, wọ́n fi bírò fa ọjọ́ náà nù, wọ́n kọ òmíràn, wọ́n tún fa ìyẹn náà nù. Àwọn ìyá àgbà ń fi kẹ́tù gbóná omi ìwẹ̀. Nígbà tí owó gáàsì sì fò sókè ní 2022, gbèdéke tí ìjọba fi sí owó iná àti gáàsì ilé kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lo ooru àjọlò, nítorí lójú òfin, bí oníṣòwò ni kánsù tàbí onílé ṣe ra gáàsì náà. Òfin Agbára ti 2023 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi irú ooru yìí sábẹ́ àṣẹ Ofgem, àjọ tó ń ṣàkóso òwò iná àti gáàsì. Ìyẹn ni pé wọ́n ti ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ fún bí àádọ́rin ọdún kí òfin tó bá a.

Dẹ́nmáàkì ló tètè gbọ́n. Láti 1979 ni wọ́n ti ní òfin ooru, ẹni tó ń ta á fún ará ìlú kò sì gbọdọ̀ gbà ju iye tó ná án lọ. Níbẹ̀, ní ìlú Aalborg, ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1889, Aalborg Portland. Ooru tó ń jáde nínú ìléru rẹ̀ ń wọ inú ọ̀pá ìlú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ló sì ń yáná níbẹ̀.

Ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì! Nígbà tí mo gbọ́ ọ, Ìbèṣè ló wá sí mi lọ́kàn lójú ẹsẹ̀.

Ní 2012 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì Dangote ní Ìbèṣè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa tí Ayétòrò jẹ́ olú rẹ̀. Agbára rẹ̀ ti di mílíọ̀nù 12 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Òkúta tí wọ́n ń wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jóná nínú ìléru títí dé nǹkan bí 1,450 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì kó tó di símẹ́ńtì. Èéfín tó ti ṣe iṣẹ́ yẹn tán, bó bá ń jáde, ó ṣì máa ń gbóná tó nǹkan bí 300. Ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì a máa fi lára rẹ̀ gbẹ òkúta tútù. Ìyókù, bí a kò bá mú un, ojú sánmà ló ń lọ.

Kí ni ará Ìlaròó fẹ́ fi ooru ṣe? Ọyẹ́ kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ìbora ti tó fún un. Òtútù ni à ń wá, ooru sì lè dá a. Ẹni tó bá sì ti dàgbà díẹ̀ á rántí fíríìjì oníkẹrosíìnì tó máa ń wà ní díspẹ́ńsárì, tí wọ́n fi ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé. Iná kékeré ń jó nídìí rẹ̀, inú rẹ̀ sì tutù. Iná yẹn ló ń lé amóníà jáde kúrò nínú omi. Amóníà náà á di olómi; nígbà tó bá tún fẹ́ di oru, yóò fa ooru tó nílò láti ara ohun tó wà nínú fíríìjì, omi á sì tún gbé e mì, á padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ferdinand Carré, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló gbé irú ẹ̀rọ yìí jáde ní 1859, yìnyín ló sì fi ń dá. Iṣẹ́ tí àtùpà kékeré ń ṣe ní díspẹ́ńsárì, èéfín Ìbèṣè lè ṣe é fún odindi ọjà.

Ẹ wo ọjà Ayétòrò nígbà ata. Agbọ̀n tí wọ́n gbé dé láàárọ̀, tí ata inú rẹ̀ ń dán, tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, bí ọkọ̀ Èkó kò bá tètè dé, ọwọ́ ọ̀sán ni omi á ti máa sun lábẹ́ rẹ̀. Ìyá tó ni ín á dà á sílẹ̀, á máa ṣà á: èyí tó le lọ́tọ̀, èyí tó rọ̀ lọ́tọ̀, èyí tó ti bẹ́ lọ́tọ̀. Owó tó dá lé e láàárọ̀ kọ́ ni yóò gbà nírọ̀lẹ́. Àwọn tó ń ta ẹja dídì ń ra díísù sínú jẹnẹrétọ̀, àwa tí à ń jẹ ẹja là ń san owó rẹ̀. Adìyẹ àti tòlótòló dídì ṣì ń gba bodè wa wọlé láti Kútọnu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ ti fòfin dè é tipẹ́, nígbà tí àgbẹ̀ adìyẹ tiwa kò rí ibi tí yóò dì tirẹ̀ sí. Ó dùn mí gan-an. Èrè iṣẹ́ àwọn ìyá wa ló ń rà mọ́lẹ̀ nínú agbọ̀n ata yẹn.

N kò sọ pé kí a fa ọ̀pá láti Ìbèṣè dé Ayétòrò. Owó ọ̀pá omi tútù á ti ju èrè rẹ̀ lọ kó tó dé ìdajì ọ̀nà. Aalborg rí i ṣe nítorí pé ìlú àti ilé iṣẹ́ náà jọ wà pọ̀ ni. Yìnyín ni kó máa rìn ní tiwa. Kí ilé yìnyín àti ilé ìpa-nǹkan-mọ́-sí-òtútù wà nítòsí ilé iṣẹ́ náà, kí ọkọ̀ máa gbé yìnyín lọ sí Ìlaròó, Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ, kí àgbẹ̀ sì lè gbé ata wá sùn mọ́jú níbẹ̀.

Ta ni yóò ni ín? Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ mí lógún ju ẹ̀rọ lọ. Òfin ohun àlùmọ́nì Nàìjíríà ti 2007, ní abala 116, ní kí ẹni tó ń wa òkúta ní àdéhùn ìdàgbàsókè pẹ̀lú ìlú tó gbà á lálejò, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ibẹ̀ la ti lè béèrè ooru. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi ọjà kíkọ́ àti ìtọ́jú ọjà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tààrà. Nítorí náà, ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kó ni ilé yìnyín, kí àwọn ìyálọ́jà àti àgbẹ̀ ní àga nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀, kí iye owó yìnyín wà lára ògiri níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á, kí a sì kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ gbà ju iye tó ná án lọ. Bí a bá fi èyí sílẹ̀ di ẹ̀yìn ọ̀la, ẹni tó bá kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni yóò máa dá iye lé e.

Bọhóólù ni ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yewa níhìn-ín ti ń ṣe nílé, àti tiransifọ́mà, wọ́n sì wúlò. Ní ìpàdé ọdọọdún wa tó ń bọ̀, màá dá a lábàá pé kí a fi owó iṣẹ́ kan san fún ẹnjiníà tí yóò lọ wo Ìbèṣè, tí yóò bá àwọn tó ń ta ata jókòó, tí yóò sì kọ ohun tó lè ṣeé ṣe àti iye tó máa ná wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá kánsù ṣiṣẹ́ níhìn-ín lórí ọ̀rọ̀ ooru àjọlò, a nílò yín nínú iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá sì ní ẹ̀dà ìwé àdéhùn àárín ilé iṣẹ́ náà àtàwọn ìlú tó yí i ká, kó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ìpàdé tó dé, kí a lè mọ ọdún tí àyẹ̀wò rẹ̀ yóò tún bọ́ sí.